Ẹ Yé Fi Ínṣì Tan Onífọ́tò Òkè-Ògùn Jẹ

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn onífọ́tò àti àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn géèmù ní Ìṣẹ́yìn, ní Ṣakí, àti káàkiri Òkè-Ògùn: pé bí ojú kọ̀ǹpútà bá ṣe tóbi tó ni iṣẹ́ orí rẹ̀ yóò ṣe dára tó. Ẹni tó bá fẹ́ ṣí sitúdíò á gbọ́ ìmọ̀ràn kan náà lẹ́nu gbogbo èèyàn: ra 32 ínṣì, bí owó bá sì wà, gbé 43. Nítorí pé mọ́nítọ̀ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ wọ́n, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n á ní kó rà, kó fi wáyà HDMI so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù rẹ̀, iṣẹ́ ti yá nìyẹn. Mo ta ko ìmọ̀ràn yìí látòkèdélẹ̀. Ó ń ba fọ́tò jẹ́, ó ń ba géèmù jẹ́, ó ń jẹ iná tí a ń wá kiri, ó sì ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ fún ohun tí kò ní mú owó wọlé. Ohun tí mo ń sọ kò le: ẹni tó bá ń jókòó sídìí tábìlì, tí ojú rẹ̀ kò jìnnà sí mọ́nítọ̀ ju gígùn apá lọ, 24 ínṣì tó fún un. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kó ra 27 tí píksẹ́lì rẹ̀ pọ̀ tó fún ìtóbi rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ìdí rẹ̀, kó má sì jẹ́ pé nítorí pé ó tóbi ni.

Ìbẹ̀rẹ̀ àṣìṣe náà wà nínú ohun tí ínṣì ń wọ̀n. Ínṣì tí wọ́n kọ sára páálí ń sọ bí ojú ẹ̀rọ ṣe gùn tó láti igun òkè lápá òsì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sọ iye píksẹ́lì, ìyẹn àwọn ẹyọ iná tíntìntín tó ń para pọ̀ di àwòrán, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn gan-an ni onífọ́tò ń fi owó rẹ̀ rà. Mọ́nítọ̀ 24 ínṣì tó wọ́pọ̀ jù ní píksẹ́lì 1920 ní ìbú àti 1080 ní òró. Gbogbo rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù méjì, ínṣì kan sì ń gba nǹkan bí 92. Bí a bá tẹ́ iye kan náà sórí 32 ínṣì, ínṣì kan kò ní gbà ju 69 lọ. Ọ̀rọ̀ tilẹ̀ tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé púpọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n 32 ínṣì tó wà lọ́jà wa kò ní 1920 kankan. Ohun tí wọ́n kọ sí ara wọn ni “HD Ready”, píksẹ́lì wọn sì jẹ́ 1366 ní ìbú àti 768 ní òró, tí àpapọ̀ rẹ̀ kò ju mílíọ̀nù kan àti díẹ̀ lọ. Ínṣì kan níbẹ̀ ń gba 49 péré. Ẹni tó fi 24 sílẹ̀ tó lọ gbé irú èyí ti ra ojú tó fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ṣùgbọ́n ìdajì ohun tí ti àkọ́kọ́ ń fi hàn ló wà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà tó ń ya 6000 sí 4000, irú èyí tó ti wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ya ìgbéyàwó, ń kó píksẹ́lì mílíọ̀nù 24 sínú fọ́tò kan. Nígbà tí gbogbo fọ́tò náà bá hàn lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, píksẹ́lì kan ṣoṣo ló ń dúró fún bí 27 nínú ohun tí kámẹ́rà rí. Owó kámẹ́rà ti lọ, ojú tí a fi ń wo iṣẹ́ rẹ̀ sì ń sọ ọ́ nù.

Àwọn kan á ní ojú èèyàn kò lè mọ ìyàtọ̀. Ó lè mọ̀ ọ́n, ó kàn sinmi lórí ibi tí ẹni náà jókòó sí ni. Ojú tó dá ṣáṣá máa ń ya àmì méjì sọ́tọ̀ bí àlàfo àárín wọn bá tó ìdá kan nínú ọgọ́ta dígírì. Ẹ jẹ́ ká fi ṣírò: píksẹ́lì orí mọ́nítọ̀ 24 ínṣì tí mo sọ kì í dá hàn mọ́ bí ojú bá jìnnà tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 95. Ti 27 ínṣì tó ní 2560 sí 1440 ń wọnú ara wọn láti bíi sẹ̀ǹtímítà 80. Ti tẹlifíṣọ̀n 32 ínṣì tó jẹ́ 1366 sí 768, ó di nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 178 kó tó jọ àwòrán kan tó dán. Báwo wá ni ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò ṣe rí ní ìgboro Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí? Yàrá kan ni, tí aṣọ ẹ̀yìn wà lápá kan, tí iná wà lápá kejì, tí tábìlì iṣẹ́ wá há sí igun. Ìbú tábìlì náà kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ, ọwọ́ ẹni tó ń ṣiṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà lórí máòsì. Kò síbi tí yóò sún sẹ́yìn lọ. Tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ṣe fún ẹni tó jókòó sórí àga ìrọ̀rùn ní ìkángun pálọ̀ ni a gbé sún mọ́ imú èèyàn, a sì ń retí pé kó ṣe iṣẹ́ tí wọn kò fi rán an.

Ṣùgbọ́n píksẹ́lì kọ́ ló dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwọ̀ ni. Ìṣẹ́yìn kì í ṣe ìlú tí a ti lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àwọ̀. Aṣọ òfì tí wọ́n ń hun níbẹ̀ ló gbé orúkọ ìlú náà jìnnà, lónìí sì rèé, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń ti orí WhatsApp àti Facebook tà. Ẹni tó wà ní Èkó, ní London tàbí ní Houston kò fọwọ́ kan aṣọ náà kó tó sanwó. Fọ́tò ló rí. Ìdílé tó fẹ́ fi ṣe ìgbéyàwó ń gbé àwọ̀ aṣọ yẹn wé gèlè, wé fìlà, wé bàtà, kí owó tó kúrò lápò wọn. Ẹ wo ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi àwọ̀ aṣọ wa ṣe. Ẹtù jẹ́ aró tó dúdú débi pé ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ kí èèyàn rí bí wọ́n ṣe hun ún. Lórí ẹ̀rọ tí wọ́n ti yí kí dúdú lè dúdú kirikiri, kí funfun sì máa kọ mànà, gbogbo aró yẹn á di òkùnkùn kan ṣoṣo. Onífọ́tò á rò pé fọ́tò òun ló dúdú, á tan ìmọ́lẹ̀ sí i, aṣọ á sì di búlúù ràkọ̀ràkọ̀ lójú oníbàárà. Sányán, tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín ilẹ̀ àti eérú, máa ń pọ́n bí òróòró lórí ẹ̀rọ tó bá ń ti àwọ̀ gbígbóná sókè. Àlàárì ni tirẹ̀ yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n, bí kọ̀ǹpútà bá so mọ́ wọn, kì í fún píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú pípé, àwọn píksẹ́lì méjì tàbí mẹ́rin á wá pín àwọ̀ kan lò. Nínú fíìmù, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Lórí fọ́nrán òwú pupa tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúdú, pupa náà á ṣàn jáde kúrò lójú ìlà rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ ahunṣọ á sì dà bí ohun tí omi bà jẹ́.

Ọ̀rọ̀ awọ ara èèyàn kò sì yàtọ̀ sí èyí. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ lágbo àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni pé kí ìmọ́lẹ̀ mọ́nítọ̀ tí a fi ń tún fọ́tò ṣe wà láàárín 80 sí 120 kándẹ́là lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Tẹlifíṣọ̀n tó ń ti páálí bọ́ máa ń tàn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, nítorí pé wọ́n yí i kó lè fa ojú mọ́ra láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Onífọ́tò tó bá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ á máa rò pé ojú ìyàwó tuntun ti mọ́lẹ̀ tó. Nígbà tí álíbọ́ọ̀mù bá ti láàbù dé láti Ìbàdàn, ojú náà á ti ṣú, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ti papọ̀, ẹ̀bi á sì di ti láàbù. Àwọ̀ ara wa ni àṣìṣe yìí ń kọ́kọ́ pa, torí pé ibi tó ṣókùnkùn nínú fọ́tò ni kúlẹ̀kúlẹ̀ ojú wa wà. Fífẹ̀ ẹ̀rọ náà tún ń dá kún un. Bí 32 ínṣì bá wà ní sẹ̀ǹtímítà 60, ojú ń wo etí rẹ̀ lọ́nà tó wọ́ tó 30 dígírì, kì í wò ó ní gbangba. Púpọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n olówó pọ́ọ́kú ni àwọ̀ wọn máa ń ṣí bí a bá wò wọ́n láti ẹ̀gbẹ́. Nínú fọ́tò ẹbí tí èèyàn méjìlá tò sí, ẹni tó wà láàárín àti ẹni tó wà létí kò ní ní àwọ̀ kan náà lójú ẹni tó ń tún un ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ìyá ni wọ́n. Mọ́nítọ̀ 24 ínṣì tó jẹ́ IPS, irú èyí tí iléeṣẹ́ Hitachi kọ́kọ́ gbé jáde lọ́dún 1996, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: àwọ̀ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí ojú bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́.

Wọ́n á ní, “Bí n kò bá lo ńlá, báwo ni mo ṣe máa rí kúlẹ̀kúlẹ̀ ojú tàbí fọ́nrán irun?” Èyí ni àtakò tí mo gbọ́ jù, òun náà ló sì rọrùn jù láti dáhùn. Bọ́tìnnì tó ń sún àwòrán súnmọ́ wà nínú gbogbo ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe. Ohun tí ẹni tó ń tún ojú ṣe nílò ni kí píksẹ́lì kan nínú fọ́tò bá píksẹ́lì kan lójú ẹ̀rọ mu, kó lè rí òtítọ́ ohun tó wà níbẹ̀, ìyẹn kò sì ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ínṣì. Ẹ rántí àwọn àgbà onífọ́tò ìgbà dúdú-àti-funfun. Lórí nẹ́gátíìfù tí kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà níbùú lóròó lọ ni wọ́n ti ń fi pẹ́ńsù tó mú ṣáṣá tún ojú oníbàárà ṣe, pẹ̀lú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ fọ́tò Yorùbá nínú ìwé ìròyìn African Arts lọ́dún 1978, rí i pé àwọn onífọ́tò ìlú kéékèèké wa ń so àwòrán pọ̀ débi pé ọmọ kan ṣoṣo á jókòó nípò òun àti ìbejì rẹ̀ tó ti lọ. Iṣẹ́ ẹlẹgẹ́ gbáà nìyẹn, nínú yàrá òkùnkùn, láìsí ojú ẹ̀rọ kankan.

Ní ti géèmù, mo fẹ́ ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀. Ilé géèmù, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation, tí àwọn mẹ́rin mìíràn sì ń dúró de ipò wọn, yẹ kó ní tẹlifíṣọ̀n ńlá. Wọ́n jìnnà sí i, wọ́n pọ̀, gbogbo wọn ló fẹ́ rí i. Mi ò bá onílé géèmù jà. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tó dá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí bọ́tìnnì wà níwájú rẹ̀, tó wá gbé irú tẹlifíṣọ̀n ilé géèmù yẹn ka orí tábìlì nítorí ó rò pé ìgbádùn ibẹ̀ yóò bá a délé. Nínú géèmù ìbọn, àwòrán ilẹ̀ ìjà wà ní igun kan, iye ọta wà ní igun kejì, ọ̀tá sì lè yọ láti ibikíbi. Bí ojú ẹ̀rọ bá fẹ̀ ju ohun tí ojú lè gbá mú lẹ́ẹ̀kan lọ, orí ni yóò máa yí kiri, ọ̀tá á sì ti yìnbọn kó tó yí padà. Ẹ wo àwọn tí iṣẹ́ wọn nìyí. Níbi ìdíje ńlá géèmù ìbọn Counter-Strike, tí owó tabua wà nílẹ̀, tí àwọn olùṣètò sì lè ra èyí tó bá wù wọ́n, mọ́nítọ̀ bíi 24.5 ínṣì ni wọ́n ń tò síwájú àwọn tó ń díje. Ohun tí wọ́n ń náwó lé ni ìyára. Ẹ̀rọ tó ń yí àwòrán padà nígbà 144 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń gbé ìròyìn tuntun wá ní bíi mílísẹ́kọ́ǹdù 7. Ti 60 ń gba bíi 17. Tẹlifíṣọ̀n tí kò bá ní ètò pàtó fún géèmù sì lè jẹ́ kí ìka èèyàn ti tẹ bọ́tìnnì fún ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kí ojú tó rí ohun tí ìka ṣe.

“Ra 4K nígbà náà,” àwọn tó mọ̀wé ẹ̀rọ á wí. Mo gbà fún wọn dé àyè kan. Mọ́nítọ̀ 32 ínṣì tó bá jẹ́ 4K ní píksẹ́lì 138 nínú ínṣì kan, ó sì dára gan-an fún fọ́tò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí yóò gbé e wà ńkọ́? Píksẹ́lì rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti 1920 sí 1080, iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ni géèmù sì máa bù fún káàdì àwòrán nínú kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń lò tún máa ń ní ihò HDMI ti àtijọ́, oríṣi 1.4, tí kò lè fi 4K hàn ju ìgbà 30 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Àmì máòsì gan-an á máa fà. Ẹni tó ra irú mọ́nítọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí ti fi ìdá púpọ̀ nínú owó rẹ̀ sórí ojú, ó wá fi ọpọlọ ẹ̀rọ sílẹ̀ lébi. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí owó náírà ti já wálẹ̀ sí dọ́là, kò sí ọjà tó ń ti òkè òkun wá tí a lè fi irú àṣìṣe yẹn ṣeré.

Iná wá ńkọ́? A kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ní Òkè-Ògùn ká má dárúkọ iná. Láti àwọn ọdún 1980 ni a ti ń fojú sọ́nà fún iná mànàmáná láti inú ìsédò Ikere Gorge lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, ẹni tó sì ń ṣiṣẹ́ lónìí ń fi jẹnẹrétọ̀ tàbí sólà gbé ara rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú bátìrì kan ṣoṣo, 12 fóòtù, 100 wákàtí-áńpì, irú olómi tí kò yẹ ká fà ju ìdajì lọ bí a bá fẹ́ kó pẹ́. Ìdajì yẹn jẹ́ 600 wáàtì-wákàtí. Bí láptọ́ọ̀pù bá ń jẹ wáàtì 45, tí mọ́nítọ̀ 24 ínṣì ń jẹ bíi 20, iṣẹ́ lè lọ fún wákàtí mẹ́sàn-án. Bí tẹlifíṣọ̀n 32 ínṣì tó ń jẹ bíi 50 bá rọ́pò mọ́nítọ̀, wákàtí mẹ́fà àti díẹ̀ ló kù. Ohun tí ínfátà fúnra rẹ̀ ń jẹ á tún dín méjèèjì kù. Wákàtí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́ta, lójoojúmọ́ tí iná bá lọ, ni owó tí onífọ́tò ń san fún ínṣì mẹ́jọ tí kò wúlò fún un. Ní àsìkò ìgbéyàwó, tí èèyàn mẹ́ta ń dúró de fọ́tò wọn, wákàtí mẹ́ta yẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan.

Àtakò méjì kan wà tí mo ń bọ̀wọ̀ fún. Àkọ́kọ́ ni ti ojú tó ti ń dàgbà. Ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún, tí ọ̀rọ̀ kéékèèké ń ni lára, ní ẹ̀tọ́ láti fẹ́ kí nǹkan hàn gàdàgbà. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, mo fara mọ́ 27 ínṣì tó ní 1920 sí 1080, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé píksẹ́lì rẹ̀ fọ́n ká díẹ̀, mo sì tún fara mọ́ ọn pé kó lọ yẹ ojú wò kó gba awò, torí pé mọ́nítọ̀ kò lè wo ojú sàn. Èkejì ni ti oníbàárà. Wọ́n ní ẹni tó wọlé tó bá rí ojú ẹ̀rọ ràgàjì á mọ̀ pé sitúdíò gidi lòun wà, yóò sì san owó gidi. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ìrísí ń tajà. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kó gbé tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kọ́ sára ògiri, kó máa fi han oníbàárà tó wá yan fọ́tò, kó sì máa fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀ fún mọ́nítọ̀ tó wà lórí tábìlì. Oníbàárà kan náà yóò ṣáà gba fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù kó tó kúrò nílé ìtajà. Fóònù ínṣì mẹ́fà yẹn ni yóò fi han ìyá ọkọ, òun ni yóò gbé sórí ìtàkùn, òun ni yóò sì fi dájọ́ bóyá onífọ́tò mọ iṣẹ́. Ojú ọ̀pọ̀ fóònù lóde òní sì máa ń sún mọ́ àwọ̀ òtítọ́ ju tẹlifíṣọ̀n tí a kò yí lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ ra mọ́nítọ̀ kò nílò láti bẹ ẹnikẹ́ni kó yàn fún un. Kó di fọ́tò méjì sínú fláàṣì: ọ̀kan aṣọ ẹtù, ọ̀kan ojú èèyàn dúdú tí wọ́n yà nínú òjìji. Kó ní kí ọlọ́jà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, kó jókòó níbi tí yóò máa jókòó sí nílé, kó wá ìlà funfun inú ẹtù, kó sì fi orí wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ wò ó bóyá ojú inú fọ́tò náà ń ṣí. Kó béèrè 1920 sí 1080 kó tó béèrè ínṣì. Àwọn mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì tòkunbọ̀ tó jẹ́ 22 sí 24 ínṣì, tí wọ́n jẹ́ IPS, wà ní ọjà kọ̀ǹpútà Ìkẹjà, wọ́n sì ń yọjú n'Íbàdàn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ju tẹlifíṣọ̀n tuntun lọ fún iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, kó rẹ ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, kó yí i sí sRGB, ètò àwọ̀ tí HP àti Microsoft gbé kalẹ̀ lọ́dún 1996 tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ láàbù ṣì ń retí títí di òní. Owó tó bá ṣẹ́kù lára èyí tí ì bá fi ra 43 ínṣì ní iṣẹ́ tó dára jù tó lè ṣe. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń gbé ka ojú mọ́nítọ̀ láti wọn àwọ̀ rẹ̀ kí wọ́n sì tún un ṣe. Ó wọ́n fún ẹnì kan, ṣùgbọ́n kò wọ́n fún onífọ́tò márùn-ún tó dáwó jọ, kò sì sí ẹni tó nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lóṣù lọ. Bí ẹgbẹ́ onífọ́tò ìlú kọ̀ọ̀kan bá ra ẹyọ kan, tó ń yí láti sitúdíò sí sitúdíò, fọ́tò tí wọ́n tún ṣe ní Ṣakí yóò bá èyí tí wọ́n tún ṣe ní Ìṣẹ́yìn dọ́gba nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ní láàbù kan náà n'Íbàdàn, kò sì ní sí ẹni tí yóò máa di ẹ̀bi ojú tó ṣú ru láàbù mọ́.